Wọ́n Ti Ìjọba Pa, Ojú Ò Tì Wọ́n

Àwa Yorùbá pọ̀ ní Maryland, ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì ń bá ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́. Ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2025, nígbà tí wọ́n ti ìjọba náà pa, mo gbé ìrẹsì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ fún àwọn tí ìjọba ò sanwó fún. Mo rí arábìnrin wa kan lórí ìlà, ọ̀kan lára àwọn tó ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ òfuurufú. Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀, ó ti ki káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ bọ abẹ́ jákẹ́ẹ̀tì. Ó yíkàá díẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ nílé o. Màmá mi ṣì ń retí owó oògùn lọ́wọ́ mi." Ẹni tó ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lojú ń tì! Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo rí aṣòfin kan lórí tẹlifíṣọ̀n tó ń rẹ́rìn-ín, tó ní àwọn ò ní gbà fún ẹgbẹ́ kejì. Mo pa tẹlifíṣọ̀n náà.

Àwọn ìwà ọmọlúàbí, ọ̀rọ̀ sísọ, ìtẹríba, inúure, òtítọ́, akínkanjú: gbogbo wa la mọ̀ wọ́n. Ìtìjú ni tèmi lónìí. Ẹni tí kò bá nítìjú, kí ló máa fi inúure ṣe?

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ni ọdún ìṣúná Amẹ́ríkà ń bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn aṣòfin ò bá tíì fẹnu kò lórí ìnáwó, òfin ò gba ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba láyè láti náwó mọ́. Wọn á ní kí àwọn kan lọ jókòó sílé. Àwọn tí iṣẹ́ wọn ò ṣeé dá dúró, bí ẹ̀ṣọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n àti àwọn tó ń darí lílọ bíbọ̀ ọkọ̀ òfuurufú, á máa ṣe é lọ láìgba kọ́bọ̀. Wọ́n ti ìjọba pa báyìí láti ọjọ́ 22 oṣù kejìlá ọdún 2018 di ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 2019, nítorí owó ògiri ẹnubodè Mẹ́síkò; nǹkan bí òṣìṣẹ́ 800,000 ló fara gbá a. Ọjọ́ 35 nìyẹn. Ti ọdún 2025 tún wá gba ọjọ́ 43.

Owó àwọn aṣòfin ńkọ́? Ìwé òfin ilẹ̀ náà ló dáàbò bò ó: $174,000 lọ́dún, ìjọba ì báà ṣí, ì báà wà ní títì. Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tó máa jẹ ẹ́ wà níbòji.

Agbaṣẹ́ ilé kíkọ́ ni bàbá mi ní Ìlá. Nígbà kan tí ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un kò sanwó, alùpùpù rẹ̀ ló tà tó fi san owó àwọn bíríkìlà. Ó ní òun ò ní máa jẹ ẹran nílé kí ẹni tó bá òun po sìmẹ́ǹtì máa mu gààrí sùn. Kò sí òfin tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú ló ń tì í.

Wọ́n á ní òfin ọdún 2019 ti sọ pé òṣìṣẹ́ á gba gbogbo owó rẹ̀ bí ìjọba bá ṣí. Onílé wo ló ń gba ìlérí? Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àwọn agbálẹ̀ àti ọlọ́dẹ tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ agbaṣẹ́ṣe kò tilẹ̀ sí nínú òfin yẹn; ohun tó lọ ti lọ. Mo gbà pé owó ìrànwọ́ ìlera tí wọ́n jà lé lórí ní 2025 kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Mo sì gbà pé àwọn aṣòfin kan ní kí wọ́n dá owó tàwọn dúró. Wọ́n ṣeun. Kí ló dé tí kì í ṣe gbogbo wọn?

Ẹ̀yin Yorùbá tẹ́ ẹ ti di ọmọ Amẹ́ríkà, ẹ̀yin náà ń dìbò. Bí aṣòfin tó ń tọrọ ìbò bá wá kí yín ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ẹ bi í níṣojú gbogbo èèyàn bóyá ó gba owó oṣù rẹ̀ láàárín ọjọ́ 43 yẹn. Bó bá gbà á, ẹ má dìbò fún un.