Àjẹ́ Ké, Ọmọ Kú

Àwọn baba wa ní: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀ṣà-Iṣu àti Ìkọ̀lé, ilé mélòó ni arúgbó wà tí ọmọ kò kú?

Ní 1949, James Neel ní Amẹ́ríkà yẹ ẹ̀jẹ̀ òbí àwọn aláìsàn wò, ó rí i pé ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni wọ́n ti jogún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ AS, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ewu SS nínú oyún kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí yóò kàn, Ọlọ́hun ló mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí á tó so yìgì. Ẹ̀sùn láìsí ẹ̀rí, àbòsí ni.