Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Kí Ẹnìkejì Rẹ̀?

Bí ọmọ ìyá méjì bá jà nínú agboolé, tí àwọn àgbà pè wọ́n jókòó, a mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń lọ. Wọn á rojọ́. Àgbà á bá ẹ̀gbọ́n wí díẹ̀, á bá àbúrò wí díẹ̀. Wọn á pa obì, wọn á mu omi lé e, wọn á ní ó ti tán. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì á mọ́, àwọn méjèèjì á pàdé lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú korobá omi lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n á ní nínú ara rẹ̀ pé, "Èmi ni mo jù ú lọ, òun ló yẹ kó kọ́kọ́ kí mi." Àbúrò náà á ní, "Òun ló ṣẹ̀ mí, kó kọ́kọ́ la ẹnu ná." Kò sẹ́ni tó kí ẹnì kan. Wọ́n ti jẹ obì tán, ìjà ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìjà ló ti rí àgbà parí rẹ̀ tí kò sì parí. Ohun tó ń dá a dúró ni pé kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò ṣe ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣèlérí. Ìwà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ṣùgbọ́n Bouaké ni n ó gbà débẹ̀. Ìlú náà wà ní àárín gbùngbùn Côte d'Ivoire, orílẹ̀-èdè tí àwọn ọmọ Èjìgbò ti ń ṣòwò tipẹ́tipẹ́, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pe Yorùbá ní Ànàgó.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, àwọn sójà kan ṣọ̀tẹ̀ sí ìjọba Ààrẹ Laurent Gbagbo. Abidjan kò bọ́ sí wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n gba Bouaké, wọ́n sì fi ṣe olú ìlú wọn. Guillaume Soro ni aṣáájú wọn. Orílẹ̀-èdè pín sí méjì: ìjọba ní gúúsù, ọlọ̀tẹ̀ ní àríwá, sójà Faransé àti ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé láàárín. Ní Bouaké, àwọn báńkì ti ilẹ̀kùn, yunifásítì kó lọ sí Abidjan, oníṣòwò tó fẹ́ kó ẹrù kọjá sì ń sanwó fún ọlọ́pàá tàbí oníbọn níbikíbi tí wọ́n bá ti dí ọ̀nà.

Bí ìwé bá ń parí ìjà, ọ̀rọ̀ yẹn ì bá ti tán kíákíá. Ní oṣù Kìíní ọdún 2003, wọ́n tọwọ́ bọ àdéhùn ní Linas-Marcoussis, nítòsí Paris. Wọ́n tún pàdé ní Accra ní oṣù Kẹta ọdún kan náà, wọ́n tún padà síbẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2004. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2005, Thabo Mbeki, Ààrẹ South Africa nígbà náà, kó wọn jọ sí Pretoria. Ibi kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń há sí. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti gbà pé àwọn yóò kó ìbọn sílẹ̀. Ìjọba ti gbà pé òun yóò tún òfin ṣe lórí ta ni ọmọ ilẹ̀ àti ta ló lè du ipò ààrẹ, ọ̀rọ̀ tí àwọn Ànàgó tí wọ́n bí síbẹ̀ pàápàá mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba ní, "Ẹ kọ́kọ́ kó ìbọn sílẹ̀." Àwọn ọlọ̀tẹ̀ ní, "Ẹ kọ́kọ́ ṣòfin." Ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 2004 ni wọ́n dá ní Accra pé kíkó ìbọn sílẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ pé, òfin kò tíì délé, ìbọn kò kúrò léjìká. Kí oṣù kan tó pé, ọkọ̀ òfúrufú ìjọba ti ń ju bọ́ǹbù sí Bouaké. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá, bọ́ǹbù bọ́ sí àgọ́ sójà Faransé níbẹ̀, sójà mẹ́sàn-án kú, ará Amẹ́ríkà kan sì bá wọn lọ.

Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ náà nìyẹn. Àmọ́ ìbọn ni tiwọn, kì í ṣe korobá.

Nígbà tó di ìparí ọdún 2006, Gbagbo ní òun yóò bá àwọn ọlọ̀tẹ̀ sọ̀rọ̀ lójúkojú. Blaise Compaoré, Ààrẹ Burkina Faso nígbà náà, ṣe alárinà, wọ́n sì tọwọ́ bọ̀wé ní Ouagadougou ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 2007. Soro, olórí ọlọ̀tẹ̀, di olóòtú ìjọba lábẹ́ ẹni tó ń bá jà.

Kò ju oṣù kan lọ ṣáájú ìgbà náà tí Fatah àti Hamas, ẹgbẹ́ òṣèlú méjì àwọn ará Palestine, tọwọ́ bọ àdéhùn tiwọn ní Mẹ́kà, ní ọjọ́ 8 oṣù Kejì. Àwọn náà gbà láti jọ ṣèjọba. Ní oṣù Kẹfà, wọ́n dojú ìjà kọ ara wọn ní Gaza, Hamas gba ibẹ̀, Ààrẹ Mahmoud Abbas sì tú ìjọba náà ká. Láti ìgbà náà, wọ́n ti dé Cairo, wọ́n ti dé Doha, wọ́n ti dé Algiers, wọ́n dé Beijing ní ọdún 2024. Ìbéèrè tó ń há wọn lọ́fun kò yí padà: ìbọn tó wà ní Gaza, ta ni yóò máa pàṣẹ fún un? Òṣìṣẹ́ tí Hamas gbà, ta ni yóò sanwó rẹ̀? Ta ni yóò kọ́kọ́ ju ohun tó dì mú sílẹ̀? Òótọ́ ni pé ọwọ́ Israel àti ti àwọn orílẹ̀-èdè ńlá wà nínú ọ̀rọ̀ tiwọn, ẹni tó wà lábẹ́ àkóso ẹlòmíràn kò sì ní àyè tó ẹni tó ń dá ṣe ìjọba ara rẹ̀. Síbẹ̀, inú ara wọn ni ìdá kan ìdènà náà wà.

Nínú oṣù Kẹfà yẹn gan-an, ohun kan ṣẹlẹ̀ ní Bouaké tó tó láti tú àdéhùn Ouagadougou náà ká. Ọjọ́ 3 oṣù náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀. Gbajúgbajà agbábọ́ọ̀lù wọn, Didier Drogba, ti bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè wá gbá ìdíje pẹ̀lú Madagascar ní ìlú àwọn ọlọ̀tẹ̀, wọ́n wá, wọ́n sì jẹ góòlù márùn-ún sí òdo. Ní ọjọ́ 29, bí bàálù Soro ṣe balẹ̀ ní pápákọ̀ òfúrufú Bouaké, àwọn kan yìnbọn ńlá lù ú. Èèyàn mẹ́rin kú, orí kó Soro yọ. Ta ni yóò bá a wí bó bá ní òun kò ṣe mọ́? Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje, Gbagbo fúnra rẹ̀ wọ Bouaké, ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ogun ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n to ìbọn jọ ní pápá ìṣeré ìlú náà, òun àti Soro jọ tiná bọ̀ ọ́ lójú ẹgbàágbèje èèyàn. Ìdí igi ìbọn jó, irin rẹ̀ dúdú, kò ṣeé yìn mọ́.

Ẹ wo ohun tí àwọn méjèèjì ṣe. Ẹni tí wọ́n fẹ́ pa kò dúró de ìgbà tí wọ́n bá rí apààyàn kó tó tẹ̀síwájú. Ẹni tí wọ́n fẹ́ gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀ kò dúró de ìgbà tí ìbọn ìkẹyìn bá délẹ̀ kó tó wọ ìlú àwọn tó gbógun tì í. Oníkálukú kọ́kọ́ kí ẹnìkejì.

Ṣùgbọ́n kíkí ọjọ́ kan kò tó. Nígbà ìdìbò oṣù Kọkànlá ọdún 2010, àjọ elétò ìdìbò kéde pé Alassane Ouattara ló wọlé, Gbagbo kọ̀, kò gbéjọba sílẹ̀. Ó tó 3,000 èèyàn tó kú kí wọ́n tó mú un ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 2011. Ìlérí tí ẹgbẹ́ tó borí ṣe fún àwọn ọmọ ogun wọn náà di gbèsè: ní oṣù Kìíní àti oṣù Karùn-ún ọdún 2017, àwọn sójà tó ti jẹ́ ọlọ̀tẹ̀ tẹ́lẹ̀ yìnbọn ní Bouaké nítorí owó tí wọ́n ní wọ́n ṣèlérí fún wọn. Gbagbo bọ́ nínú ẹjọ́ tí wọ́n pè é ní ilé ẹjọ́ ìwà ọ̀daràn àgbáyé ní The Hague, ó padà sílé ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, Ouattara sì gbà á lálejò ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Àwọn àgbà wa ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ìdí nìyẹn tí ìpàdé náà fi níyì. Àmọ́ orúkọ Gbagbo àti ti Soro kò sí nínú ìwé olùdìbò ọdún 2025, Soro tó ti bá Ouattara ṣiṣẹ́ rí sì ti di ìsáǹsá. Ìjà kò dọlà, orúkọ ló ń sọni.

Ẹnìkan á bi mí pé: bí mo bá kọ́kọ́ ṣe tèmi, tí ẹnìkejì wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ńkọ́? Ó lè ṣẹlẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi ń ṣe é lójú àwọn ẹlẹ́rìí, bí wọ́n ṣe ṣe é ní pápá ìṣeré yẹn, kí ìtìjú lè jẹ́ ti ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́. Kíkọ́kọ́ kíni kò sì pa ẹ̀bi rẹ́. Ó kàn ń la ọ̀nà tí a ó gbà jókòó sọ ọ́ ni. Ẹni tó ní òun kò ní kí èèyàn àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ kí òun rò pé iyì òun lòun ń dáàbò bò. Ìjà náà ló ń dáàbò bò.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 2024, Super Eagles bá South Africa gbá bọ́ọ̀lù ní Bouaké nínú ìdíje Ife-Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà, pẹnárítì ló gbé wa dé àṣekágbá. Pápá tí wọ́n ti sun ìbọn yẹn ni. Pápá Àlàáfíà ni orúkọ rẹ̀ báyìí.

Ìwọ tó ń kàwé yìí, ẹnìkan wà nínú agboolé rẹ tí ẹ ti jẹ obì lé ọ̀rọ̀ yín lórí, tí ẹ kò sì tíì kí ara yín. Má dúró dè é. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ ni, kúnlẹ̀ tàbí kí o dọ̀bálẹ̀, kí o ní, "Ẹ káàárọ̀." Bó bá jẹ́ àbúrò rẹ ni, gba korobá náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí o ní, "Ṣé o jí ire?"