Afẹ́fẹ́ Tí A Kì Í Mọ̀ Lára

Báwo lèèyàn ṣe ń mọ ibi tó wà nígbà tí kò rí nǹkan kan? Bí iná bá kú nínú ilé, ọwọ́ la fi ń wá ògiri. Lókè òfurufú, níbi tí kò sí ògiri, pẹ́ńsù ni Ulric Cross fi ń wá ibi tó wà.

Ọmọ Port of Spain ni, ní erékùṣù Trinidad. Ọdún 1917 ni wọ́n bí i. Lọ́dún 1941, nígbà tí Hitler ti gba ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, ó wọkọ̀ ojú omi lọ bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó di ọmọ ogun òfurufú wọn, wọ́n sì kọ́ ọ ní iṣẹ́ atọ́nà. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú kan tí wọ́n ń pè ní 139 Squadron ni wọ́n fi í sí, ọkọ̀ Mosquito ni wọ́n sì ń gbé jà.

Igi ni wọ́n fi ṣe Mosquito. N kò lè tètè kúrò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi àtè lẹ̀ mọ́ra, ẹ́ńjìnnì méjì, èèyàn méjì péré: awakọ̀ lápá òsì, atọ́nà lápá ọ̀tún, èjìká fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èjìká. Èyí tó ń gbé bọ́ǹbù kò ní ìbọn kankan. Eré sísá ni gbogbo ààbò tó ní. Inú àpótí igi bẹ́ẹ̀ ni ọmọkùnrin kan láti etí òkun olóoru jókòó sí lóru, tí òtútù tó lè sọ omi di òkúta wà níta gíláàsì, tí ó tẹ́ máàpù sórí itan, tí ó ń fi iná kékeré kan wò ó.

Ó mọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó. Kọ́ńpáàsì sọ ibi tí imú ọkọ̀ kọ sí fún un. Aago sọ iye ìṣẹ́jú tó ti kọjá. Ó yẹ kí ìyẹn tó láti fa ìlà lọ tààrà, àmọ́ afẹ́fẹ́ ń bẹ. Afẹ́fẹ́ a máa ti ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò sì ní mọ̀ ọ́n lára rárá, nítorí òun àti ọkọ̀ àti afẹ́fẹ́ náà ni wọ́n jọ ń lọ. Bí wọ́n bá kọjú sí ìlú tí wọ́n ń lọ gan-an, wọn kò ní débẹ̀. Ibòmíràn ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọjú sí, níwọ̀n bí afẹ́fẹ́ bá ṣe le tó, kó tó lè gbé wọn débi tí wọ́n fẹ́. Iṣẹ́ atọ́nà ni kó ṣírò ohun tí kò rí, tí kò sì gbọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí dẹ́rù bà mí díẹ̀. Kí ló ń ti èmi náà lọ báyìí, tí mo rò pé mo jókòó jẹ́ẹ́?

Àwọn Cross wà lára àwọn tó máa ń ṣíwájú. Wọn a dé orí ìlú ṣáájú ọ̀wọ́ ọkọ̀ ńláńlá, wọn a ju iná aláwọ̀ sílẹ̀, pupa, àwọ̀ ewé, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ibi tí wọn yóò da bọ́ǹbù sí. Iná náà máa ń ṣù jọ bó ṣe ń rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Igi Kérésì làwọn ará Jámánì ń pè é. Mo ronú nípa ìyá tó gbé ọmọ sá wọ yàrá abẹ́ ilẹ̀, tó bojú wòkè lẹ́ẹ̀kan péré kó tó ti ilẹ̀kùn. Ṣé ó rẹwà lójú rẹ̀? Ó ṣeé ṣe kó rẹwà. Ìyẹn gan-an ló dùn mí níbẹ̀.

Ìgbà 80 ni Cross lọ, ó sì bọ̀. Nínú nǹkan bí 125,000 èèyàn tó wọkọ̀ òfurufú lábẹ́ àṣẹ ẹ̀ka ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì tó ń ju bọ́ǹbù, ó lé ní 55,000 tó kú. Nígbà kan, ẹ́ńjìnnì kan kú mọ́ òun àti awakọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́; wọ́n rọra wọ́ ọkọ̀ náà dé Swanton Morley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀ sì gbà wọ́n pẹ̀lú agbára, ṣùgbọ́n wọn kò kú. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ ológun Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní DFC, lẹ́yìn náà DSO. Ó tọ́ sí i. Àwọn tó fún un sọ̀rọ̀ nípa ìmọ̀ rẹ̀ nínú títọ́nà, ọ̀rọ̀ òtítọ́ ni. Àmọ́ àwọn atọ́nà tí kò bọ̀ náà mọ ìṣírò. Pẹ́ńsù wọn mú dáadáa. Mo ti wá ibi tí ìyàtọ̀ wà, n kò rí i, n kò sì lè gbà fún ẹni tó bá yára sọ pé òun ti rí i.

N kò dá a lẹ́bi. Bí Hitler bá ti borí, mo mọ irú ojú tí wọn ì bá fi wo aláwọ̀ dúdú. Síbẹ̀ ìyá inú yàrá abẹ́ ilẹ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi, n kò sì fẹ́ kó kúrò.

Lẹ́yìn ogun, Cross di agbẹjọ́rò. Ó ṣiṣẹ́ ní Gánà àti Kamẹrúùnù, ó ṣe adájọ́ ní Tanzania, ó sì ṣe é nílé ní Trinidad. Ní kóòtù, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn máa ń dúró síwájú adájọ́ ni. Adájọ́ á gbọ́ orúkọ rẹ̀, á gbọ́ ohùn rẹ̀, á rí i bó ṣe ń nu òógùn ojú. Ó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí ju bó ṣe pẹ́ lókè lọ. Ẹni ọdún 96 ni nígbà tó kú lọ́dún 2013.

Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní Berlin ṣì máa ń kan bọ́ǹbù ogun yẹn nínú ilẹ̀, èyí tó já bọ́ tí kò bú. Wọn a ní kí gbogbo àdúgbò jáde, títí kan ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá. Ọmọ yẹn kò bí ẹnikẹ́ni nínú, kò sẹ́ni tó bí òun náà nínú. Ó kàn di báàgì ilé ìwé rẹ̀ mú, ó ń béèrè ìgbà tí àwọn yóò padà sílé.