Ẹni Tí Awakọ̀ Kò Mọ̀

Ẹni tó fi ogún ọdún wakọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kó tó kó ẹrù padà sí Ìbàdàn yóò bá ọ̀pọ̀ nǹkan tó yàtọ̀. Apá òsì tó ń gbà lọ́hùn-ún ti di apá ọ̀tún níhìn-ín, nítorí láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972 ni Nàìjíríà ti pa apá òsì tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi lé e lọ́wọ́ tì, kí ìrìn ọkọ̀ rẹ̀ lè bá ti Benin, Niger àti àwọn aládùúgbò yòókù mu. Òfin ò gba ọkọ̀ tí sitiárín rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún láyè níbí, nítorí náà ọ̀pọ̀ ló ń ta tiwọn kí wọ́n tó wọ bàálù. Íńṣọ́ránsì tí wọ́n ń san lórí rẹ̀ kì í sọdá òkun. Láísẹ́ǹsì òyìnbó tó wà nínú pọ́ọ̀sì kò sọ èèyàn di ẹni tó ti ní ti Nàìjíríà: ó ní láti gba tibí, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí wọ́n sì gba ìtẹ̀ka rẹ̀.

Owó àti sùúrù ló máa ń parí ìyẹn. Èyí tó le ni ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ yóò bi í nígbà tó bá ní òun fẹ́ lọ ra íńṣọ́ránsì: ṣé Ọlọ́run tó mú ọ dé láyọ̀ ò lè pa ọ́ mọ́ lójú títì ni?

Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú tín-ín-rín rẹ̀. Àwọn tó ń béèrè rẹ̀ ń gbàdúrà kí wọ́n tó ṣíná ọkọ̀, wọ́n sì ń dúpẹ́ tí wọ́n bá délé. Wọ́n mọ ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, wọ́n mọ iye èèyàn tí wọ́n ti bá sin òkú nítorí ọ̀nà náà. Lójú wọn, ẹni tó ń sanwó nítorí ìjàǹbá tí kò tíì ṣẹlẹ̀ ń fi ẹnu ara rẹ̀ pe ibi ni.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó yẹ kí ará ìlú òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé náà rò dáadáa. Láti ọdún 1930 ni òfin ti sọ íńṣọ́ránsì ọkọ̀ di dandan ní Britain. Kámẹ́rà ọlọ́pàá ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n sì lè gba ọkọ̀ tí kò bá ní in lọ́wọ́ olówó rẹ̀. Pásítọ̀ Yorùbá tó ń wàásù ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ń san tirẹ̀, ìmáàmù tó ń kírun ní Old Kent Road ń san tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní ìgbàgbọ́ wọn ti dín kù. Kí ló wá dé tí owó kan náà fi di àìnígbàgbọ́ nígbà tí bàálù bá balẹ̀ sí Ìkẹjà?

Ìdáhùn wà nínú ohun tí íńṣọ́ránsì náà ń ṣe gan-an. Èyí tí òfin Nàìjíríà fi dandan lé ni tẹnìkẹta. Kì í tún ọkọ̀ ẹni tó rà á ṣe. Tí bọ́ńpà rẹ̀ bá ya, òun àti pánẹ́ẹ̀bítà rẹ̀ ni yóò jọ sọ ọ́. Ẹni tí ó wà fún ni ẹni tí ọkọ̀ náà bá gbá: ọlọ́kadà tó ń yà ní Mọ́kọ́lá, ìyá tó patẹ ata sétí títì ní Òjóò, ọmọ ilé-ìwé tó fẹ́ sọdá. Láti January 2023 ni àjọ NAICOM tó ń darí iṣẹ́ yìí ti gbé owó rẹ̀ fún ọkọ̀ àdáni kúrò ní 5,000 náírà sí 15,000 lọ́dún, tí ilé-iṣẹ́ sì lè san tó mílíọ̀nù 3 lórí dúkìá ẹlòmíràn tó bá bàjẹ́.

Tí a bá ti mọ èyí, ìbéèrè náà ti yí padà. Àdúrà awakọ̀ ń bẹ Ọlọ́run fún ẹ̀mí awakọ̀. Owó yìí ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀mí ẹlòmíràn. Èèyàn lè fi ara rẹ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́ pátápátá, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Àṣẹ wo ló ní láti fi ẹsẹ̀ ìyá aláta sínú ẹ̀jẹ́ tí òun nìkan jẹ́?

Ìwé mímọ́ pàápàá kò dákẹ́ lórí rẹ̀. Nínú Ẹ́kísódù orí 21, tí màlúù bá kan èèyàn pa, ohun tó ń pinnu ẹ̀bi olówó rẹ̀ ni bóyá ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé màlúù náà máa ń kàn, tí kò sì so ó mọ́lẹ̀. Bó bá mọ̀, ọ̀ràn dé bá òun fúnra rẹ̀. Diutarónómì orí 22 ní kí ẹni tó kọ́ ilé tuntun mọ ìgbátí yí òrùlé ká, kí ẹnikẹ́ni má baà já bọ́, kí ẹ̀jẹ̀ má baà wà lórí ilé náà. Kò sí ibì kankan nínú òfin yìí tó ní kí onílé kàn gbàdúrà kí àlejò má ṣubú. Iṣẹ́ ìgbátí jẹ́ apá kan ìsìn.

Àwọn Mùsùlùmí ti bá ọ̀rọ̀ náà rìn jìnnà ju báyìí lọ, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n pọ̀ sí. Kùránì, nínú Súrà Nisáì, sọ ohun tó yẹ kí ẹni tó ṣèèṣì pa onígbàgbọ́ ṣe: ìtánràn wà láàárín òun àti Ọlọ́run, owó ẹ̀jẹ̀ sì wà fún ẹbí òkú. Àforíjì Ọlọ́run kò pa gbèsè èèyàn rẹ́. Níwọ̀n bí owó náà sì ti lè pọ̀ ju agbára ẹnìkan lọ, àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù ní kí ìbátan ọkùnrin lọ́dọ̀ bàbá pín in san. Síbẹ̀, àwọn tó ń ṣàníyàn nípa íńṣọ́ránsì òyìnbó ní ìdí tó nípọn: èlé wà nínú rẹ̀, ó sì jọ tẹ́tẹ́ lójú wọn nítorí kò sẹ́ni tó mọ ohun tí òun yóò gbà. Ní ọdún 1985, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù tó ń pàdé ní Jeddah sọ pé ti oníṣòwò kò bá òfin mu, ṣùgbọ́n ti aláfọwọ́sowọ́pọ̀, tí olúkúlùkù ti ń dá owó gẹ́gẹ́ bí ọrẹ kí wọ́n lè fi ran ẹni tí ìjàǹbá bá lọ́wọ́, bá a mu. Òun ni wọ́n ń pè ní takaful. NAICOM gbé ìlànà rẹ̀ jáde ní 2013, àwọn ilé-iṣẹ́ takaful sì ti wà ní Nàìjíríà báyìí. Mùsùlùmí tó padà wálé, tí ọkàn rẹ̀ kò gba ti oníṣòwò, kò ní láti wakọ̀ láìní íńṣọ́ránsì. Ẹni tó bá dàgbà sí ilé tí wọ́n ti ń dá èsúsú ò ní rí i bí nǹkan àjèjì.

Àwọn kan á tún sọ pé àyànmọ́ ni ikú, kò gbóògùn. Ṣùgbọ́n Yorùbá kan náà tó gbà pé orí ń yan nǹkan lọ́run ló ń bá èèyàn wí fún àfọwọ́fà. Bí bíréèkì ọkọ̀ kò bá mú, tí olówó rẹ̀ sì mọ̀, kò sí àgbàlagbà kan láàfin tàbí lágbo ilé tí yóò gbà kó di ẹ̀bi náà ru orí òkú. Ògún alára, tí àwọn awakọ̀ ń bọ, kì í ṣe òrìṣà tó ń fojú fo ìwà ẹni tó ń lo irin. Òǹkọ̀wé Wọlé Ṣóyínká, tó ti pẹ́ tó ń kéde Ògún ní òrìṣà tirẹ̀, kò fi ẹbọ nìkan dá ikú tó ń pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀ lójú ọ̀nà Ìbàdàn lóhùn. Ó wà lára àwọn tó mú kí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní 1977, òun sì ni alága àkọ́kọ́ fún ti ìjọba àpapọ̀ nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1988.

Láísẹ́ǹsì náà kò yàtọ̀. Ẹ̀rí ni: ìjọba ń bá awakọ̀ jẹ́rìí fún gbogbo ẹni tó bá pàdé lọ́nà pé wọ́n ti dán an wò. Kì í ṣe àṣírí pé àwọn kan ń fún agbódegbà lówó kí ìwé náà lè jáde láìsí ẹni tó rí wọn nídìí ọkọ̀. Ará Lọ́ńdọ̀nù tó yege ìdánwò lọ́hùn-ún lè rò pé èyí kò kan òun, torí pé òun mọkọ̀ wà. Ó mọ̀ ọ́n wà lápá òsì. Ìgbà tó bá rẹ̀ ẹ́, tí òjò ń rọ̀, tó sì fẹ́ yà sọ́wọ́ òsì láàárín oríta, ọwọ́ rẹ̀ yóò fẹ́ padà síbi tó ti mọ́ ọn lára. Ẹ̀kọ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dọ̀ olùkọ́ ìwakọ̀ níhìn-ín kò pọ̀ jù fún ẹ̀mí ẹni tó ń bọ̀ níwájú.

Àríwísí kan ṣì wà tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn èèyàn ní ilé-iṣẹ́ íńṣọ́ránsì ń gbowó, wọn kì í sì í san án tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ti jìyà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìwé tó wà nínú ọkọ̀ kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kankan. Wọ́n rà á pọ́ọ́kú pẹ̀lú pàtíkúlà, kí ọlọ́pàá lè fi wọ́n sílẹ̀, láti February 2025 pàápàá tí ọlọ́pàá ti ní àwọn yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò káàkiri orílẹ̀-èdè. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń dáàbò bo awakọ̀ lọ́wọ́ ọlọ́pàá, kò sì ní kọ́bọ̀ kan fún ẹni tó fara pa. Nọ́ńbà ọkọ̀ ni èèyàn máa fi wò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bóyá òótọ́ ni ìwé rẹ̀, ní ibi àkójọ tí ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ náà ṣe. Tí kò bá sí níbẹ̀, kí onítọ̀hún lọ ra ojúlówó.

Àwọn tó lè yí ìwà yìí padà kíákíá ni àwọn olórí ìsìn, tí ọkọ̀ máa ń pọ̀ níwájú ilé ìjọsìn wọn lọ́jọ́ Jímọ̀ àti lọ́jọ́ Àìkú. Àwọn èèyàn ń gbé ọkọ̀ tuntun wá fún àlùfáà kó gbàdúrà sí i, kó da òróró sórí rẹ̀, kó bá wọn dúpẹ́. Kí ó tó gbé ọwọ́ lé e, ó lè ní kí wọ́n mú láísẹ́ǹsì àti ìwé tẹnìkẹta wá kí òun rí i, kí ó sì ṣàlàyé fún ìjọ ẹni tí ìwé náà wà fún.