Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí A Gbádùn Ẹwà Ibi Tí Ẹlòmíràn Ti Jìyà?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹni tó bá rìn jìnnà yóò rí abuké erin. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n kí ni ó yẹ kí arìnrìn-àjò ṣe bí ó bá mọ̀ pé ibi tó rẹwà lójú òun ni ojú ti pọ́n ọmọ ẹlòmíràn? Orílẹ̀-èdè Sri Lanka ni n ó fi dáhùn ìbéèrè yìí.

Erékùṣù ni Sri Lanka, ní gúúsù Íńdíà. Ooru mú níbẹ̀ bíi tilẹ̀ wa, igi àgbọn sì tò sí etíkun rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àlejò máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń gun òkè láti Kandy lọ sí Ella. Ọkọ̀ náà a máa rọra gba àárín oko tíì kọjá títí dé Pattipola, ibùdókọ̀ tó fi ohun tó lé ní mítà 1,800 ga ju òkun lọ. Nítòsí Ella ni afárá olójú mẹ́sàn-án tí gbogbo ènìyàn ń yà ní fọ́tò wà.

Kì í ṣe nítorí afẹ́ ni wọ́n ṣe la ojú irin yìí. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó là á dé Kandy ní 1867, kí wọ́n lè máa kó kọfí lọ sí èbúté Colombo. Nígbà tí àrùn pa kọfí run, wọ́n gbin tíì rọ́pò rẹ̀. Àwọn Tamil láti gúúsù Íńdíà ni wọ́n kó wá ṣe iṣẹ́ oko náà. Ní 1948 tí orílẹ̀-èdè náà gba òmìnira, òfin kan sọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn di ẹni tí kò ní orílẹ̀-èdè. Wọ́n ń já ewé tí gbogbo ayé ń mu, wọn kò sì ní ibi tí wọ́n lè pè ní ilé. Ó di 2003 kí òfin tó ká àwọn tó ṣẹ́kù mọ́ ọmọ onílùú.

Ojú irin mìíràn gba etí òkun láti Colombo lọ sí Galle. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, 2004, súnámì bá ọkọ̀ kan ní Peraliya. Nígbà tí ìgbì àkọ́kọ́ dé, àwọn ará abúlé sá wọ inú ọkọ̀ náà, wọ́n rò pé yóò gbà wọ́n là. Ìgbì tó tẹ̀ lé e gbé e dànù. Àwọn tó kú lé ní 1,000. Lónìí, àwọn àlejò ń wẹ̀ nínú òkun kan náà.

Àwọn kan yóò ní kí a má lọ mọ́. Bí a kò bá lọ, ta ni yóò ra àgbọn lọ́wọ́ opó tó ń tà á? Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló la ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1901, kí irè oko lè dé èbúté. Ṣé a kò ní wọ ọkọ̀ níbẹ̀ ni? Àwọn mìíràn yóò ní ohun tó ti kọjá ti kọjá, àwọn ti sanwó. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ra ìjókòó lóòótọ́, kò ra ìgbàgbé.

Lójú tèmi, ìyà méjèèjì yìí kò rí bákan náà. Ẹnikẹ́ni kò lè dá ìgbì padà. Ìrántí àti ọ̀wọ̀ ni gbèsè tí a jẹ àwọn tó kú. Ṣùgbọ́n ti oko tíì kò tíì tán. Owó iṣẹ́ àwọn tó ń já ewé ṣì kéré, wọ́n sì ń jà fún un. Ìrántí nìkan kò tó fún ẹni tó wà láàyè.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìbéèrè kan ni mo fi ń wọn ọ̀rọ̀ yìí: ǹjẹ́ mo lè ṣe ohun tí mo ń ṣe yìí lójú ẹni tí ó kàn, kí ojú má tì mí? Mo lè wẹ̀ lójú ọmọ Peraliya. N kò lè ya obìnrin tó ru apẹ̀rẹ̀ tíì ní fọ́tò láìkí i, láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kí n sì máa pè é ní ẹwà. Nítorí náà, ó yẹ kí a gbádùn, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ béèrè ẹni tó san owó ìgbádùn náà, àti bóyá ó ṣì ń san án.