Ẹnu Àáké àti Ìkòkò Aró

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹni tó bá ń ṣàánú irin kò ní tọ́ oyin wò. Àwọn aláró Abẹ́òkúta àti Òṣogbo ni òwe yìí bá mu jù.

Ewé èlú ni wọ́n ń gún, tí wọ́n ń ṣù, tí wọ́n sì ń sá sóòrùn. Wọ́n á gbé ìkòkò kan lé òmíràn, wọ́n á lu ìdí ti òkè, wọ́n á da eérú àti omi sí i, kí omi náà lè máa ro sínú ti ìsàlẹ̀. Bí omi eérú bá pàdé èlú, ó di ọjọ́ mélòó kan kí aró tó kan. Imú àti ahọ́n ni ìyá aláró fi ń mọ ìgbà tó tó. Bí omi eérú kò bá lágbára, aró kò ní mú aṣọ, àfi kí ìyá náà tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kọ láfún tí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ yà sára adìrẹ ẹlẹ́kọ náà ní wàhálà tirẹ̀: bó bá ṣàn jù, aró á wọ ibi tó yẹ kó funfun.

Láàárín ọdún 1930 sí 1939, àwọn aláró kan ní Abẹ́òkúta gba kọ́síìkì sódà àti aró òyìnbó mọ́ iṣẹ́, kó lè yá. Oníbàárà ráhùn nípa aṣọ tí wọ́n rà, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá, ọba ìlú náà, fòfin dè é, àwọn obìnrin náà sì yarí. Ta ni yóò bá wọn wí? Ẹni tí kò sẹ́ omi eérú rí ni. Ṣùgbọ́n orí aṣọ ọjà ni wọ́n ti dán an wò, ẹni tó rà á ló sì jìyà rẹ̀.

Sódà yẹn ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ ìkòkò aró lónìí.