Ohun Tí Kì í Ṣe Títà Nínú Ilé

Bóyá ni ẹnì kan wà tí ó ti rìn ní ìgboro Èkó tí kò tí ì rí ọ̀rọ̀ kan tí a fi ọ̀dà kọ sí ara ògiri pé, "Ilé yìí kì í ṣe títà." Àwọn onílé ni ó ń kọ ọ́ síbẹ̀, kí gbájúẹ̀ má baà ta ilé wọn fún ẹlòmíràn nígbà tí wọ́n bá wà ní ìdálẹ̀. A ti rí ọ̀rọ̀ náà títí ojú wa kò fi kà á sí mọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù yìí a fẹ́ dúró níwájú rẹ̀ díẹ̀, kí a sì bi ara wa ní ìbéèrè kan: nígbà tí ènìyàn bá ta ilé rẹ̀, ilé tirẹ̀ nìkan ha ni ó tà bí? Tàbí ohun kan wà nínú ilé tí kì í ṣe ti onílé nìkan láti tà?

Ipò tí ọjà ilé wà ni ó mú ìbéèrè yìí wá sí ọkàn wa. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023, nígbà tí ìjọba jọ̀wọ́ náírà kí ó wá ìwọ̀n ara rẹ̀ ní ọjà, agbára owó wa ti rẹ̀yìn gidigidi. Símẹ́ńtì, irin àti páànù sì ti gbówó lórí. Nígbà tí ó di oṣù Kọkànlá ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ gbé èlé tí ó fi ń darí àwọn báńkì yòókù dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Òṣìṣẹ́ wo ni yóò yá owó kọ́lé ní irú èlé bẹ́ẹ̀, tí gbèsè kò ní gbé e mì? Nítorí náà ni ilé fi wà tí kò rí ẹni rà á, nígbà tí àwọn tí ń wá ibi tí wọn yóò gbé kò dínkù rárá.

Síbẹ̀, ní etí omi, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Banana Island, ní Ìkòyí, àti ní Eko Atlantic tí a kọ́ sórí ilẹ̀ tí a gbà lọ́wọ́ òkun, dọ́là ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń dá iye lé ilé. Onílé tí kò bá rí ẹni rà á ní ọdún yìí lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, kí ó sì máa retí ọdún tí ń bọ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ẹni tí ń ta ilé nítorí àtijẹ, ọjà ni ń dá iye fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra ilé láti fi pa owó mọ́, kò sí ohun tí ń lé e. Òun kò wá ibi tí yóò sùn. Ibi tí owó rẹ̀ yóò sùn ni ó ń wá. Gbogbo wa ni a rántí pé ní oṣù Kẹrin ọdún 2017 àwọn òṣìṣẹ́ EFCC wọ inú ilé kan ní Osborne Road ní Ìkòyí, wọ́n sì bá dọ́là tí ó lé ní mílíọ̀nù 43 níbẹ̀. Owó ni ayálégbé ilé náà.

Àwa kò kọ èyí láti bú ọlọ́rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò sọ pé olè ni gbogbo ẹni tí ó ní ilé ní etí omi. Ẹni tí ó ṣe làálàá ní ìlú òyìnbó fún ọgbọ̀n ọdún, tí ó sì rí i bí náírà ti ń yọ́ bí iyọ̀ nínú omi, kò ṣẹ̀ bí ó bá fi ilé pa èrè iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Bíríkìlà, káfíńtà àti alágbàṣe sì ń jẹun lára ilé tí ó ń kọ́. Ohun tí a ń bèèrè ni èyí: bí ilé bá di àpótí owó, tí onílé sì rò pé ohun tí ń bẹ nínú ọgbà òun nìkan ni ó ní iye, òtítọ́ ha ni èrò rẹ̀ bí?

Ìtàn Àpápá dá wa lóhùn. Láti ọdún 1926 ni ọkọ̀ òkun ńláńlá ti ń gúnlẹ̀ sí èbúté ibẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àjọ LEDB, èyí tí ìjọba ti dá sílẹ̀ ní 1928 nígbà tí àrùn tí eku ń gbé kiri ń jà ní Èkó, la òpópó ní Àpápá, ó sì pín ilẹ̀ fún ilé iṣẹ́ ní apá kan, fún ilé gbígbé ní apá kejì. Bẹ́ẹ̀ ni Àpápá GRA ṣe di ibi tí àwọn olókìkí ń fẹ́ gbé. Ní ìhà Marine Road àti Point Road, atẹ́gùn omi ń fẹ́, igi ń ṣíji bo ọ̀nà, ẹni tí ó bá sì ní ilé níbẹ̀ kò ní ìdí láti wo Ìkòyí pẹ̀lú ìlara.

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀? Ẹrù pọ̀ sí i ní èbúté. A ṣí èbúté kejì ní Tin Can Island ní 1977. A kọ́ àgbá epo ńláńlá sí àdúgbò. Ọkọ̀ ojú irin kò lágbára tó láti gbé ẹrù jáde, nítorí náà orí lọ́rì àti tánkà ni gbogbo rẹ̀ já sí. Wọ́n kún Wharf Road, wọ́n kún Creek Road, wọ́n kún orí afárá. Wọ́n ń sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Ẹni tí ń lọ sí iṣẹ́ ń jí ní òru. Ẹni tí ara rẹ̀ kò dá kò rí ọ̀nà dé ilé ìwòsàn. Ẹlòmíràn fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nílé, ó gun ọ̀kadà. Àwọn ilé iṣẹ́ kó lọ, àwọn ayálégbé tẹ̀ lé wọn, àwọn onílé sì ń polówó ilé tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, Ààrẹ pàṣẹ pé kí àwọn ọkọ̀ náà kúrò lójú ọ̀nà láàárín wákàtí 72; ní oṣù Kejì ọdún 2021, àwọn aláṣẹ èbúté bẹ̀rẹ̀ ètò tí a fi ń pe ọkọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìrọ̀rùn díẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ko ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwé ní ibòmíràn kì í tètè padà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ògiri àwọn ilé náà kò ya. Òrùlé wọn kò jò ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìwé ilẹ̀ wọn kò sọnù. Síbẹ̀ iye wọn lọ sílẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ògiri ni a ti ń rà láti ìbẹ̀rẹ̀: ọ̀nà tí ó já gaara ni, ìdákẹ́jẹ́ òru ni, aládùúgbò rere ni. Ohun tí a kò kọ sínú ìwé ilẹ̀ ni ó ru iye ilé náà sórí. Kò sì sí onílé kan tí ó dá ní i.

Bí èyí bá jẹ́ òtítọ́, ìṣòro ńlá kan dìde. Ẹ jẹ́ kí a ro ti opó kan tí ilé ọkọ rẹ̀ wà ní irú òpópó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun, oògùn rẹ̀ sì wọ́n. Ẹni méjì wá ra ilé. Èkínní ní ìyàwó àti ọmọ, ó fẹ́ gbé ibẹ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kéré. Èkejì yóò san ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n yóò wó ọgbà, yóò gé igi, yóò sì sọ ilẹ̀ náà di ibi tí a ń to kọ̀ntánà sí. Ta ni kí ó tà á fún?

Ó rọrùn láti sọ pé ilé tirẹ̀ ni, kí ó gba owó tí ó pọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí lọ́rì àkọ́kọ́ bá wọ inú ọgbà náà, ilé ọ̀tún yóò mì, ilé òsì kò ní sùn, iye àwọn méjèèjì yóò sì já wálẹ̀. Opó náà ta ilé tirẹ̀, ó sì ta oorun àwọn aládùúgbò rẹ̀ mọ́ ọn, láìjẹ́ pé wọ́n gba kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ó rọrùn bákan náà láti sọ pé kí ó fara dà á nítorí ẹgbẹ́. Àwa kò lè sọ èyí pẹ̀lú. Níbo ni àwọn aládùúgbò náà wà nígbà tí tánkà dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀? Ta ni nínú wọn tí ó bèèrè bí ó ti ń rí oògùn rà? Ẹni tí kò bá opó gbé ẹrù, kò ní ẹnu láti sọ fún un bí yóò ti sọ ẹrù náà kalẹ̀.

Ìdájọ́ wa nìyí: gbèsè wà ní ìhà méjèèjì. Kí opó náà kọ́kọ́ sọ fún àwọn aládùúgbò rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ sí ìwé. Kí àwọn náà, bí wọ́n bá fẹ́ kí òpópó wọn wà bí ó ti wà, bá a wá ẹni tí yóò gbé ibẹ̀, kí wọ́n sì dáwó kún ohun tí ó kù. Bí ó bá tà á ní ìkọ̀kọ̀, òun ni ó jẹ̀bi. Bí ó bá sọ fún wọn tí wọn kò sì dá a lóhùn, ẹ̀bi náà kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó wà lọ́rùn tiwọn.

Ẹlòmíràn yóò ní, "Bí Àpápá bá bàjẹ́, n ó ra ilé sí etí òkun, n ó sì mọ odi yí i ká, ta ni yóò tún yọ mí lẹ́nu?" Òkun fúnra rẹ̀ ni yóò dá a lóhùn. Láàárín 1908 àti 1912, àwọn òyìnbó to òkúta ńláńlá sí ẹnu ọ̀sà Èkó, kí iyanrìn má baà dí ọ̀nà ọkọ̀. Iṣẹ́ rere ni. Nípasẹ̀ rẹ̀ ni ọkọ̀ ńlá fi ń wọlé dé Àpápá. Ṣùgbọ́n iyanrìn tí òkun ń gbé lọ sí ìhà ìlà-oòrùn kò rí ọ̀nà kọjá mọ́. Ó kó jọ sí apá kan, Bar Beach ní apá kejì sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ lọ. Nítorí ìjẹlọ náà ni a ṣe mọ odi ńlá síwájú Eko Atlantic, ìlú tuntun tí Clinton, Ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀ rí, bá wa ṣe ayẹyẹ rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2013. Àwọn ará Òkun Alfa, tí wọ́n wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀, sì ń ké pé omi ń gba ilé àwọn. Àwa kò jókòó láti dá ẹjọ́ wọn níhìn-ín. Ohun tí a rí ni pé ibi tí ènìyàn bá ti dí ọ̀nà mọ́ omi, omi ń wá ọ̀nà gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí láàárín ènìyàn. Ilẹ̀ etí omi kì í ṣòfo kí ọlọ́rọ̀ tó dé ibẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1990, ìjọba lé àwọn ará Maroko kúrò, àwọn tí a kà sí nǹkan bí 300,000. Lónìí ilé olówó ńlá wà níbi tí wọ́n ti ń dáná. Gbogbo wa sì mọ ìtàn Nábótì, ẹni tí ọba fẹ́ ra ọgbà rẹ̀, tí ó sì kọ̀. Kì í ṣe pé owó kò tó. Ogún baba rẹ̀ ni kò fẹ́ sọ di ọjà.

Ní ẹ̀gbẹ́ Àpápá GRA gan-an ni Ajégúnlẹ̀ wà, ibi tí orúkọ rẹ̀ ń sọ pé ajé ti gúnlẹ̀ síbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni alásè, awakọ̀, ọlọ́dẹ àti alágbàṣe èbúté ti ń wá. Nígbà tí a bá ti ilé kan pa ní GRA, ìkòkò mélòó ni kì í hó mọ́ ní Ajégúnlẹ̀? Àwọn àgbà wa ní, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Odi kò gbọ́ èdè yìí, ṣùgbọ́n ẹni tí ń gbé inú odi yóò gbọ́ ọ.

Ẹnì kan lè sọ pé ìwà rere onílé kan kò lè tún ọ̀nà ṣe, nítorí ìjọba ni ó ni iṣẹ́ náà. Òtítọ́ ni, kí a má sì ṣe dẹ́kun àti máa bi ìjọba léèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́rì kì í fò wọ inú ọgbà. Onílé kan ni ó ṣí géètì fún un. Bẹ́ẹ̀ ni ilé tí ó ṣófo kò ti ara rẹ̀ pa. Ẹnì kan ni ó mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ilé, ìbáà ṣe ní etí òkun tàbí ní ẹ̀bá ọ̀gọ̀dọ̀, kí ẹ tó kọ ọ́ sára ògiri pé kì í ṣe títà, àti kí ẹ tó pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, ẹ kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò yín. Ilé lè jẹ́ tiyín láti tà. Àdúgbò kì í ṣe títà.